Èédú Tó Ti Yó

Mo mọ̀ pé ẹ kò ní gbà mí gbọ́. Ọkùnrin kan tó wá ra fáànù ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Adum, láàárín ìgboro Kumasi, ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó gbé fáànù rẹ̀, ó sì lọ láìdán an wò bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe máa sọ ọ́ yìí gan-an ló ṣe ṣẹlẹ̀. Májèlé tí a fi ọ̀pọ̀ oṣù yọ kúrò nínú omi wa, tí àbúrò mi dì sínú àpò, tó so ẹnu àpò náà, tó tún kọ ìkìlọ̀ sí i lára, èmi àgbàlagbà tí irun ti ń funfun lágbọ̀n ni mo lóṣòó síwájú ìyá mi, tí mo fi epo pupa lá a, tí mo sì ṣe àmín sí i. Mo tún lá ọwọ́.

Ilé wa wà ní Tafo. Bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò ní Kumasi, kànga ló sì kọ́kọ́ gbẹ́ kí ó tó mọ ògiri kankan. Nínú ẹbí, a máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òùngbẹ ló lé bàbá náà kúrò nílé. Kànga náà jìn, omi rẹ̀ mọ́ gaara, ó sì tutù débi pé eyín á máa ta ọ́ bí o bá mu ún láàárọ̀ ọyẹ́. Òun ni wọ́n fi wẹ̀ mí lọ́jọ́ tí wọ́n bí mi. Òun ni wọ́n fi kàn mí lẹ́nu lọ́jọ́ ìkómọ. Ìyá mi kò fẹ́ mu omi mìíràn láti ìgbà tó ti wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Nígbà tí omi ẹ̀rọ dé àdúgbò, tí àwọn ayálégbé wa ń jó, ó ní omi náà ń rùn bí ilẹ̀kùn onírin. Nígbà tí èyí tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá dé, tí gbogbo Ghana ń pè ní píọ̀ wọ́tà, omi ọ̀rá ni òun pè é. "Kí n máa fi eyín ya ọ̀rá kí n tó mumi?" Ó máa ń wí bẹ́ẹ̀, á sì na ìka sí àwọn ẹran ọ̀sìn tó ń jẹ kiri ojú àgbàlá. "Ṣé èmi àti àwọn ewúrẹ́ wọ̀nyí ti di ẹgbẹ́ ni?"

Àtẹ́lẹwọ́ mi ló kọ́kọ́ tú àṣírí kànga náà. Àwọn kókó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níbẹ̀, wọ́n le koko, àfi bí ẹni pé ẹnì kan gbin ọkà bàbà sábẹ́ awọ mi. Mo ní irinṣẹ́ tí mo fi ń tú fáànù ló fà á. Lẹ́yìn náà ni àyà mi di tóótòòtóó, dúdú lọ́tọ̀, pupa lọ́tọ̀, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kán sórí eruku. Ìyẹn, mo ní ooru ni. Èmi tí mo máa ń fi gbogbo Adum ṣe ẹ̀fẹ̀, mo wá di ẹni tí ń fi ọwọ́ pamọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá na ọwọ́ sí mi pé ká bọra wa lọ́wọ́, ẹ̀ṣẹ́ ni mò ń fi kàn án, bí àwọn ọmọ ìgboro ti ń ṣe. Inú àwọn tó ń ta fóònù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi dùn. "Chale, Bàbá ti di ọ̀dọ́ padà o!" Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí mo bá dé kọ̀rọ̀, mo tún máa wo ọwọ́ náà.

Àbúrò mi obìnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, ń kọ́ni ní kẹ́místírì ní yunifásítì. Omi ló fi gba oyè rẹ̀, nítorí náà Dókítà Omi ni mo ń pè é, mo sì máa ń bi í bóyá òjò náà ti gba sàtífíkéètì. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ló wá jẹun nílé, ó gbá ọwọ́ mi mú kí n tó rí i fi pamọ́. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn. Mo ń retí kí ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

"Ìyá ńkọ́?" ló béèrè. "Ẹ jẹ́ n rí ẹsẹ̀ Ìyá."

Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá wa, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé itan ara rẹ̀, ó fi èékánná fà á ní àtẹ́lẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyá mi ń bá tirẹ̀ lọ, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ẹsẹ̀ náà kò mọ̀ pé wọ́n ń fà á. Àbúrò mi bu omi kànga sínú ike kan, ó lọ láì jẹun tán.

Nígbà tó padà wá, kò kí ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọ̀nà yàrá mi ló dúró sí.

"Ẹ̀gbọ́n, ásẹ́níìkì wà nínú kànga wa."

"Ṣé òun náà ti san owó ilé?"

"Ẹ má ṣe eré. Májèlé ni. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kò sì yí adùn omi padà. Inú àpáta abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wá, irú àpáta tí góòlù máa ń wà nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá omi yẹn jáde."

"Bí a bá ń sè é kí a tó mu ún ńkọ́?"

"Omi ló máa gbẹ, Ẹ̀gbọ́n. Májèlé á kù sínú ìkòkò."

Ẹ̀rù ti bà mí rí, irú èyí tí ń múni sáré. Eléyìí kò mú mi sáré, ńṣe ni mo jókòó. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń ronú sí ohun gbogbo tó ti gba ọ̀fun mi kọjá láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, tíì, ògì tí wọ́n ń pè ní kókó níbí, ọbẹ̀, àti omi tí mo fi ń yọ ẹnu nígbà tí mo bá ń ṣe àlùwàlá. Mo ń wá ọ̀kan tí kànga kò sí nínú rẹ̀. N kò rí.

Ohun tó rọrùn ni pé ká dé kànga náà, ká máa pọn omi ẹ̀rọ. Àwa lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá mi ni kò ní gbà. Àbúrò mi ṣàlàyé fún un, ó bẹ̀ ẹ́, ó sunkún. Ìyá mi fèsì pé omi tó wẹ gbogbo ọmọ òun kò lè ṣe òun ní nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ó ní ogbó ni. Dókítà Omi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bí kò bá jáwọ́, ẹsẹ̀ yẹn kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Ó ń bọ̀ wá kan àwọn ohun inú. A kò lè gba kànga lọ́wọ́ rẹ̀, àfi ká gba májèlé kúrò nínú omi kànga náà fún un."

Bí àgbàlá wa ṣe di ibi tí wọ́n ń sun èèpo àgbọn nìyẹn. Àbúrò mi kó èèpo náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta àgbọn létí títì, ó kó o sínú agolo ńlá kan, ó dé e pa kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọlé dáadáa, ó sì dáná yí i ká. Èéfín bo ilé. Àwọn ayálégbé ń yọ orí lójú fèrèsé, wọ́n ń béèrè bóyá chichinga, sùyà ilẹ̀ Ghana, la fẹ́ sun, kí wọ́n lè gbé àwo wá. Èyí tó jáde kì í ṣe eérú, èédú ni, ó fúyẹ́, ó sì ń dán. Ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Ó wá rẹ ẹ́ sínú omi kan tó pọ́n bí omi irin tó ti dógùn-ún, ó yọ ọ́, ó sá a, ó tún yan án, ó sì ṣàn án títí omi rẹ̀ fi mọ́.

"Èédú lásán kò lè mú ásẹ́níìkì dáadáa," ó ń bá mi sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá. "Inú èédú dà bí ilé oníyàrá kéékèèké tí kò lóǹkà. Irin tí mo rẹ ẹ́ sí ló wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan. Bí omi bá ń kọjá, irin á gbá májèlé mú, omi á máa lọ ní tirẹ̀."

"Bí gbogbo yàrá bá wá kún?"

"Ó ti yó nìyẹn. A ó kó o kúrò, a ó fi tuntun sí i."

Ìyá mi wà lórí àpótí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó gbé ojú sókè. "Ó yó?"

"Ó yó, Ìyá."

"Májèlé ló jẹ yó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò sì kú?"

Àwa méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. "Èédú kì í kú, Ìyá," àbúrò mi dáhùn. Ìyá mi mi orí, ó padà sídìí ohun tó ń ṣe. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

A to òkúta, iyanrìn àti èédú náà sínú ike ńlá méjì tó wà lórí ara wọn, omi sì ń kán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àbúrò mi yẹ omi tó jáde wò, ó yẹ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì jókòó sílẹ̀ lójú àgbàlá, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Májèlé ti lọ. Mo mu ife kan, mo ní n kò mọ ìyàtọ̀, ó ní iṣẹ́ òun gan-an nìyẹn, kí n má mọ ìyàtọ̀.

Ìyá mi tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù.

"Omi yìí ò mọ̀ mí."

Láàárọ̀, bí mo bá ń múra àtilọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbọ́ ìró garawa ìfami ìyá mi tó ń lu ògiri kànga bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Mo gba okùn garawa náà, Ìyá lọ yá tàwọn ayálégbé. Mo fi pákó dé ẹnu kànga, ó bá mi gbé pákó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo rí pákó tí òun lè máa fi sá ata. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bí ìró garawa yẹn bá ti ń dún, mo máa ń jáde sójú àgbàlá. Mò ń wo ìyá mi tó ń mu ikú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ń ṣe alihamudulilai.

Ìgbà tó yá, èédú yó. Àbúrò mi kó o jáde, ó sá a sínú oòrùn, ó dì í sínú àpò. Ó kọ ọ̀rọ̀ sí i lára, ó sì ya agbárí sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ìyá mi béèrè pé orí ta nìyẹn. "Orí ẹni tó bá fọwọ́ kàn án," àbúrò mi dáhùn. Ó ní òun á wá gbé e lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n pò ó mọ́ sìmẹ́ǹtì níbi iṣẹ́ òun, kí ó má baà jáde mọ́ láéláé. Ó tì í sẹ́yìn ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ìyàwó mi wà ní Accra lọ́dọ̀ ọmọ wa tó bímọ, nínú ẹbí, èmi àti ìyá mi nìkan ló wà nílé. Lẹ́yìn ìrun Alásárì ló pè mí wọ yàrá rẹ̀. Ó ṣì wà lórí ẹní ìkírun. Àwo funfun kékeré kan wà níwájú rẹ̀, ẹ̀tù dúdú wà nínú rẹ̀, epo pupa yí i ká. Ẹ̀tù kò ṣàjèjì sí mi. Bàbá tó bí ìyá mi ń wo ẹni tí ejò bá bù jẹ lóko, ìyá mi sì kọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe ń jó ẹ̀tù àti bí wọ́n ṣe ń lọ̀ ọ́. Ó ti fún wa ní ẹ̀tù ikọ́ lá, ẹ̀tù inú rírun, àti ọ̀kan tó ní ó wà fún ìdánwò, èyí tí èmi àti ìṣirò jọ mọ̀ pé kò ṣiṣẹ́.

"Wá síbí, ọkọ mi. Lóṣòó."

"Kí lèyí, Ìyá?"

"Ṣé o bi mí bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń fún ọ lọ́mú?"

"Ṣé kì í ṣe èyí tó máa mú mi fẹ́ràn yín ju ìyàwó mi lọ?"

"Ìyẹn, ó ti pẹ́ tí o ti jẹ ẹ́. Lá a, aláròyé."

Ó ṣe bisimilá, ó ka àwọn ọ̀rọ̀ kan sí i, ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i. Mo fi ìka kó o, mo lá a. Ó ń rún wúruwùru lábẹ́ eyín. Lábẹ́ adùn epo, mo gbọ́ ìtọ́wò kan tó dà bí ìgbà tí ọmọdé bá fi ahọ́n kan irin ojú fèrèsé. Ìyá mi gbá ọwọ́ mi mú, ó ń fi àtàǹpàkò ra àwọn kókó inú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. "Yóò jáde," ó ń wí. "Gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde lára rẹ." Mo ṣe àmín. Mo lá ìyókù ọwọ́ mi.

Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn àbúrò mi lẹ́yìn ilé ìdáná.

"Ta ló tú àpò yìí?"

Mo jáde sí i. "Bóyá eku ni. Eku Tafo kò lè ka ìwé rẹ."

Ó yíjú sí mi pé kí ó fèsì, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi ló ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ya ẹnu."

"Ṣé o ti kúrò nídìí omi, o ti bọ́ sídìí eyín ni?"

"Mo ní kí ẹ ya ẹnu yín!"

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pariwo mọ́ mi rí. Mo ya ẹnu. Ó fi ìka nu eyín mi, ó wo dúdú tó wà lórí ìka náà. Èmi náà wò ó. Ojú mi lọ sí àpò, ó lọ sí ọlọ tó wà létí ilé ìdáná, epo àti èédú wà lórí rẹ̀. Mo wá ògiri fi ẹ̀yìn tì.

Ìyá mi ti jáde sí wa. Ó gbé àwo rẹ̀ dání, inú rẹ̀ ń dùn. "O dé lásìkò," ó sọ fún àbúrò mi. "Mo ti fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Tìrẹ ló kù."

"Ìyá, kí lẹ fún un?"

"Ṣebí ìwọ lo ní ó ń jẹ májèlé? Èyí tó ń jẹ ẹ́ nínú omi, ṣé kò ní jẹ ẹ́ nínú ara ni?"

"Èédú tuntun wà níbẹ̀! Kí ló dé tó fi jẹ́ èyí tí a ti lò lẹ fún un?"

Ìyá mi wò ó bí ẹni tí ìwé àkàjù ti dà lórí rú. "Tuntun kò tí ì rí májèlé rí, báwo ló ṣe máa dá a mọ̀? Bí ejò bá bu èèyàn jẹ lóko, ṣé o mọ ohun tí bàbá mi máa ń jó pọ̀ mọ́ ewé? Orí ejò yẹn náà ni. Èyí tó ti mọ ojú rẹ̀ ni wọ́n ń lò."

Àbúrò mi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ tó wọ̀ wá gbé àpò náà. Ó rọra sọ̀rọ̀. "Ìyá, májèlé yẹn kò kú nínú èédú. Ó ṣì wà níbẹ̀, irin kàn dì í mú ni. Inú ikùn kì í ṣe inú ike. Omi kíkan inú ikùn lè tú irin yẹn, kí ó jọ̀wọ́ gbogbo ohun tó dì mú."

"Ó lè tú u, àbí ó máa tú u?"

"N kò mọ̀, Ìyá. Kò sí ẹni tó jẹ ẹ́ rí!"

"Ẹ kọ orúkọ tèmi síwájú nínú ìwé náà," mo ní, mo fẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀fẹ̀.

Ìyá mi wo èmi, ó wo àwo. Mo rí ojú rẹ̀ nígbà tó yé e. Kò ké, kò káwọ́ lérí. Ó fi ìka gbá gbogbo ìyókù ẹ̀tù náà jọ, ó sì fi sẹ́nu kí àbúrò mi tó dìde nílẹ̀. A dì mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti gbé e mì.

"Bí ó bá pa á," ó ní, "kí ni mo fẹ́ dúró ṣe?"

Takisí la wọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kan láàárín ìlú. Ìyá mi wà láàárín wa, ó di ọwọ́ mi mú, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Awakọ̀ ń wò wá nínú dígí, ó rí ẹnu dúdú méjì, ó yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀. Nítòsí Race Course, ọkọ̀ dúró díẹ̀. Inú mi kùn. Inú mi ti ń kùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò bìkítà rí. Lọ́jọ́ yẹn, mò ń tẹ́tí sí ikùn mi bí ẹni tó gbọ́ ẹsẹ̀ olè lórí òrùlé. Ṣé òun nìyẹn? Ṣé irin ti ń tú? Mo rò ó bí àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké wọ̀nyẹn ṣe ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan nínú mi, tí ohun tí a ti tì mọ́bẹ̀ fún oṣù púpọ̀ ń na ẹsẹ̀ jáde.

Dókítà tó gbà wá, ọmọ kékeré ni lójú tèmi. Àbúrò mi ṣàlàyé fún un ní gẹ̀ẹ́sì, ó tún un sọ ní Twi, èdè ìlú náà, dókítà náà tún béèrè.

"Àwa la máa ń fún ẹni tó bá jẹ májèlé ní èédú," ó ní. "Ẹ̀yin wá jẹ èédú tó ti jẹ májèlé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, dókítà," mo dáhùn. "A fi epo sí i."

Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn gan-an ló wá bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gún wa lábẹ́rẹ́ omi, wọ́n sì tẹ́ wa sórí bẹ́ẹ̀dì méjì tó kọjú síra. Ó ní àfi ká dúró de ohun tí àyẹ̀wò bá sọ láàárọ̀.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ bì. Lẹ́yìn náà ni èmi. Ohun dúdú ló ń jáde, nọ́ọ̀sì sì ń pe ìyá mi ní Maame, ìyẹn Màmá, ó ń nu ẹnu rẹ̀ bí ẹni ń nu ọmọ ọwọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì lọ, ìyá mi yí ojú sí mi.

"Ṣé inú ń run ọ́?"

"Rárá, Ìyá."

"Pa irọ́ mìíràn, mo gbọ́ ìyẹn."

Mo ní ó ń run mí díẹ̀. Ó gbé ojú sí òkè àjà.

"O rò pé agídí ni mo fi ń mu omi kànga yẹn," ó ní. "Ojoojúmọ́ ni mò ń wo ọwọ́ rẹ. Èmi ni mo fi omi yẹn wẹ̀ ọ́. Èmi ni mo fi ro kókó fún ọ nígbà tí o kò tí ì léyín. Bí mo bá jáwọ́ nínú rẹ̀, mo ti gbà nìyẹn pé èmi ni mo fún ọ jẹ." Ó fi ìborùn nu imú. "Mo wá ní kí n yọ ọ́ kúrò lára rẹ. Mo tún fún ọ jẹ sí i."

Mo na ọwọ́ sí i láti orí bẹ́ẹ̀dì mi, kò tó o. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá sùn, n kò ní jí, ẹ̀rù sì tún ń bà mí jù bẹ́ẹ̀ lọ pé mo lè jí kí òun má jí. Mo ń ka mímí rẹ̀. Ibi tí mo ka a dé, n kò mọ̀.

Nígbà tí mo lajú láàárọ̀, oòrùn ti wọ yàrá. Bẹ́ẹ̀dì ìyá mi ṣófo. Wọ́n ti ká aṣọ orí rẹ̀, wọ́n tò ó sí ìdí ẹsẹ̀, ìrọ̀rí wà lórí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí ẹni tó sùn síbẹ̀ rí. Mo gbá irin tí wọ́n gbé omi mi kọ́ mú, mo ń fà á lẹ́yìn ara mi bí ẹni ń fa ẹran lọ sọ́jà, mo rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti kírun, ìborùn rẹ̀ ṣì wà lórí. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà láàárín wọn. Àbúrò mi ló sọ̀rọ̀. Èsì àyẹ̀wò ti dé. Ásẹ́níìkì wà nínú àwa méjèèjì ju bó ṣe yẹ lọ, àtijọ́ àti tuntun. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀tù náà fi kún un kò pọ̀ tó èyí tó máa gbé wa ṣubú, èyí tó pọ̀ jù ti bá èébì jáde. A lè máa lọ sílé. A ó máa padà wá kí wọ́n máa yẹ̀ wá wò. Bí a kò bá mu omi yẹn mọ́, ara á máa lé e jáde díẹ̀díẹ̀. Bí àbúrò mi ti wí bẹ́ẹ̀, ìyá wa ló wò.

Ìyá mi na ọwọ́ sábẹ́ ìborùn rẹ̀, ó yọ omi ọ̀rá kan jáde. Ó fi ìwọ̀nba eyín tó kù lẹ́nu rẹ̀ ya igun ọ̀rá náà, ó tu èyí tó já sọ́wọ́, ó sì na omi náà sí mi.

"Gbà. Mu."

Òùngbẹ ń gbẹ mí gan-an, ọ̀fun mi gbẹ bí iyanrìn. Obìnrin yìí ni mo ti ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí n kò tí ì lè dá jókòó, n kò wo inú rẹ̀ rí kí n tó gbé e mì. Mo fẹ́ gbà á. Ọwọ́ mi kò gbéra lórí itan mi. Mo wá ẹ̀fẹ̀ kan tí mo lè fi bò ó, mo wá a títí, n kò rí.

Ó wo ọwọ́ náà. Ó wo ojú mi. Kò bínú. Ó gbé omi náà sẹ́nu ara rẹ̀, ó mu ún, mo ń wo ọ̀fun rẹ̀ bó ti ń lọ sókè tó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ètè. Ó tún nà án sí mi.

"Ó ń rùn bí ọ̀rá," ó ní.

Mo gbà á.